Bí Ilé Wa Ṣe Ń Wo Fídíò Láìra Dátà

Bí ẹ bá ń gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn mi, ẹ má bínú, iná ò sí.

Orí fídíò kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ tòní ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn tí ìyá bàbá mi ti lọ, màmá mi ní kí n gbé fídíò ìkómọ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi jáde, níbi tí màmá àgbà ti ń ki ọmọ náà. Mo wá a títí. Fóònù tí mo fi yà á ti kó sómi. Èyí tó kù ni èyí tí mo fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp nígbà náà, wọ́n sì ti fún un pọ̀ débi pé ojú màmá ti di bàìbàì. Èmi tí mò ń tọ́jú fídíò oníbàárà bí ẹni gbé ẹyin, ti ilé wa ni mi ò tọ́jú.

Mo bá gbé láptọ́ọ̀pù àtijọ́ kan kalẹ̀ ní pálọ̀. RAM rẹ̀ ò ju 4GB lọ. Mo so hard disk 1TB mọ́ ọn, mo sì fi Jellyfin sí i.

Kí ni Jellyfin? Software tó ń kó fídíò, orin àti fọ́tò yín jọ síbì kan ni, kí fóònù àti tẹlifíṣàn inú ilé lè máa wò wọ́n níbẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, kóòdù rẹ̀ sì wà ní gbangba. Ìtàn rẹ̀ dùn. Ní oṣù Kejìlá 2018, nígbà tí àwọn tó ni Emby ti kóòdù wọn pa, àwọn kan mú kóòdù tó ti wà ní gbangba tẹ́lẹ̀, wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀ Jellyfin. Ohun tó bá ti wà ní gbangba báyẹn, kò sẹ́ni tó lè dédé gbà á lọ́wọ́ yín.

Màmá mi ò gbà. "Ṣé kò ní jẹ dátà mi?"

"Rárá, mà."

"Ṣé ó dá ẹ lójú?"

Ó dá mi lójú. Dátà dà bí owó ọkọ̀: ẹni tó ń jáde nílé ló ń san án. Fídíò tó ti pálọ̀ dé yàrá kò jáde rárá. Ráútà ló ń gbé e kiri inú ilé, ì báà jẹ́ pé dátà orí rẹ̀ ti tán. Ìgbà tí ẹ bá ń gbé Jellyfin wálẹ̀, tàbí tó ń wá àwòrán fíìmù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nìkan ló nílò dátà.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é nìyí. Ẹ fi Jellyfin sórí láptọ́ọ̀pù, yálà Windows tàbí Linux. Ẹ ṣí Chrome lórí rẹ̀, kí ẹ kọ localhost:8096. Ẹ yan orúkọ àti password. Ẹ ṣe fódà mẹ́ta: fíìmù, orin, ẹbí. Fún fódà ẹbí, ẹ yan Home Videos and Photos. Mo kọ́kọ́ yan Movies ní tèmi, ló bá lọ lẹ pósítà fíìmù òyìnbó kan mọ́ fídíò màmá àgbà! Lẹ́yìn náà, ẹ gbé áàpù Jellyfin sórí fóònù, kí ẹ fi IP láptọ́ọ̀pù náà sí i pẹ̀lú 8096 lẹ́yìn rẹ̀, bíi 192.168.1.5:8096. Ó parí.

Bí fídíò bá ń dúró, tí fáànù láptọ́ọ̀pù sì ń ké, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ H.265 ni fídíò náà, tí láptọ́ọ̀pù ń sáré yí i padà bí ẹ ṣe ń wò ó. Ẹ fi HandBrake ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sí H.264, tí fóònù tó pọ̀ jù lọ mọ̀. HandBrake náà, ọ̀fẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ má pa ojúlówó rẹ̀ rẹ́.

Ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì jù rèé: Jellyfin ń jẹ́ kí ẹ wo nǹkan ni, kì í bá yín dáàbò bò ó. Hard disk kan ṣoṣo lè já bọ́, iná sì lè bà á jẹ́. Mo ra ìkejì, ilé ẹ̀gbọ́n mi ló wà. Oṣooṣù ni mò ń da nǹkan tuntun sí i.

Ojú màmá àgbà ṣì rí bàìbàì nínú fídíò yẹn, mi ò lè tún un ṣe. Ohùn rẹ̀ ṣáá já gaara. Màmá mi ti mọ ibi tó ń tẹ̀ fúnra rẹ̀, kò sì bi mí léèrè dátà mọ́.

Ẹ wo fóònù yín lálẹ́ òní. Ohùn ta ló wà níbẹ̀ tí kò sí níbòmíràn? Ó dìgbà kan ná.