Sáà ọdún 2017 ti ẹgbẹ́ Cleveland Browns

Sáà ọdún 2017 ti ẹgbẹ́ Cleveland Browns ni sáà tí ẹgbẹ́ náà, tí ó fi ìlú Cleveland ní ìpínlẹ̀ Ohio ṣe ibùjókòó, fìdí rẹmi nínú gbogbo eré 16 tí ó gbá nínú NFL, líìgì àgbà fún bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà. Ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ni ó ti pàdánù eré 16 bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀, èyíinì ni Detroit Lions ní ọdún 2008. Tampa Bay Buccaneers náà pàdánù gbogbo eré 14 ní ọdún 1976, ṣùgbọ́n sáà àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ ọ̀hún gbá rí nìyẹn. Hue Jackson ni akọ́nimọ̀ọ́gbá Browns nígbà náà, Jimmy Haslam ni ó sì ni ẹgbẹ́. Àwọn aláṣẹ Browns ti mọ̀ọ́mọ̀ tú ẹgbẹ́ wọn palẹ̀ kí wọ́n lè tún un mọ. Ohun tí ó fa àríyànjiyàn lẹ́yìn náà ni bóyá wọ́n kàn fara mọ́ ìjákulẹ̀ ni, tàbí wọ́n ń wá a.

Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà yàtọ̀ sí bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tí a mọ̀ nílé. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ rí gbọọrọ bí ẹyin, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń gbé e sáré tàbí jù ú sí ara wọn. Ènìyàn 11 ni ó ń wà lórí pápá ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Ìhà tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìgbìyànjú mẹ́rin láti sún un síwájú ní yáàdì 10. Bí wọn kò bá lè ṣe é, bọ́ọ̀lù di ti alátakò. Ẹni tí ó ń pín bọ́ọ̀lù, tí wọ́n ń pè ní quarterback, ni gbogbo eré rọ̀ mọ́.

Ẹgbẹ́ tí kì í já sí ìpele ìsàlẹ̀

Nínú líìgì bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ti Nàìjíríà, ẹgbẹ́ tí ó bá gbẹ̀yìn mọ ibi tí ó ń lọ. Ní ọdún 2017 yìí kan náà, Shooting Stars ti Ìbàdàn, tí ó ti gba ife ẹ̀yẹ Áfíríkà ní ọdún 1976, já sí ìpele kejì pẹ̀lú Remo Stars ti ìpínlẹ̀ Ògùn. Ọdún 2021 ni Shooting Stars tó padà. Ẹni tí ó bá ń ti Ìlá Ọ̀ràngún lọ wo Osun United ní Òṣogbo kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí ìpele kejì, nítorí ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ náà ti gbá bọ́ọ̀lù fún ọ̀pọ̀ ọdún.

NFL kò ní ìpele kejì. Ẹgbẹ́ 32 ni ó wà nínú rẹ̀, ẹyọ kan kì í sì í já bọ́. Ẹgbẹ́ tí ó bá gbẹ̀yìn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ pè ní oṣù Kẹrin ọdún tí ó tẹ̀lé e, kí ó wá mú èyí tí ó wù ú nínú àwọn ọ̀dọ́ tí ń jáde láti yunifásítì. Èrò ìdí òfin yìí ni kí ẹgbẹ́ alágbára má baà kó gbogbo ọ̀jáfáfá tán. Ṣùgbọ́n nípa bẹ́ẹ̀ ìjákulẹ̀ fúnra rẹ̀ di ohun tí ó níye lórí, ipò yíyàn tí ó sì ti inú rẹ̀ wá ṣeé fi ṣe pàṣípààrọ̀.

Ní oṣù Kínní ọdún 2016, Haslam fi Sashi Brown, ẹni tí ó jẹ́ agbẹjọ́rò, ṣe olórí ètò bọ́ọ̀lù, ó sì mú Paul DePodesta, tí ó ti di olókìkí nípa lílo ìṣirò nínú eré baseball, wọlé. Wọ́n jẹ́ kí àwọn àgbà agbábọ́ọ̀lù lọ, wọ́n sì ń kó ipò yíyàn jọ bí àgbẹ̀ ṣe ń kó èbù iṣu pamọ́ de àkókò ọ̀gbìn. Wọ́n borí ẹ̀ẹ̀kan ní ọdún náà, wọ́n pàdánù nígbà 15. Ní oṣù Kẹta ọdún 2017, wọ́n gba Brock Osweiler lọ́wọ́ Houston Texans pẹ̀lú owó oṣù rẹ̀ tí ó tó mílíọ̀nù 16 dọ́là, nítorí ipò yíyàn kan tí Texans fi kún un. Osweiler kò gbá eré kankan fún wọn nínú sáà náà; wọ́n ti jẹ́ kí ó lọ kí sáà tó bẹ̀rẹ̀.

Àìsí quarterback ni ó pa ètò yìí lára jù. Ní ọdún 2016, wọ́n ta ipò kejì fún Philadelphia Eagles, tí wọ́n fi mú Carson Wentz. Ní ọdún 2017, wọ́n ta ipò kejìlá fún Texans, tí wọ́n fi mú Deshaun Watson. Ní oṣù Kẹwàá, Watson yìí kan náà darí Texans láti na Browns ní 33 sí 17.

Bí sáà náà ṣe lọ

DeShone Kizer, ọmọ ọdún 21, ni Jackson gbé iṣẹ́ quarterback lé lọ́wọ́. Ó ju bọ́ọ̀lù 11 tí ó di touchdown, ó sì ju 22 bọ́ sọ́wọ́ alátakò. Myles Garrett, tí wọ́n fi ipò kìíní mú, kò gbá eré mẹ́rin àkọ́kọ́ nítorí ọrùn ẹsẹ̀ tí ó dùn ún.

Ẹni tí ó bá wo àpapọ̀ àmì ayò, 234 tí wọ́n gbà àti 410 tí wọ́n fi na wọ́n, lè rò pé wọn kò sún mọ́ ìborí rárá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Mẹ́fà nínú eré náà ni wọ́n pàdánù pẹ̀lú àmì ayò mẹ́fà tàbí tí ó kéré sí i. Pittsburgh Steelers fi 21 sí 18 bẹ̀rẹ̀ ìyà wọn ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án. New York Jets na wọ́n ní 17 sí 14. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá, Browns ń fi 21 sí 7 ṣíwájú Green Bay Packers ní ìdá kẹrin eré. Packers bá wọn dọ́gba, wọ́n sì borí ní 27 sí 21 nínú àfikún àkókò. Wọ́n tilẹ̀ gbé ìjákulẹ̀ ọ̀hún sọdá òkun: ní Twickenham, ní Lọ́ńdọ̀nù, Minnesota Vikings na wọ́n ní 33 sí 16.

Ọjọ́ 22 oṣù Kẹwàá ni ó dunni jù. Láti ọdún 2007 ni Joe Thomas ti ń dáàbò bo àwọn quarterback Browns láìkúrò lórí pápá nígbà tí ìhà rẹ̀ bá ń gbá bọ́ọ̀lù. Ó ti ṣe èyí ní ìgbà 10,363 léra wọn nígbà tí iṣan apá rẹ̀ já nínú eré tí Tennessee Titans fi 12 sí 9 borí. Ó fẹ̀yìn tì ní oṣù Kẹta ọdún 2018 láìtíì gbá eré àṣekágbá kan rí.

Wọ́n lé Sashi Brown kúrò ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá, John Dorsey sì gba ipò rẹ̀. Eré tí ó kẹ́yìn wáyé ní Pittsburgh ní ọjọ́ 31 oṣù náà. Steelers ń fi 28 sí 24 ṣíwájú nígbà tí Kizer ju bọ́ọ̀lù sí Corey Coleman ní ìgbìyànjú kẹrin. Kò sí ẹni tí ó dí Coleman lọ́wọ́. Bọ́ọ̀lù náà bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, sáà sì parí.

Àwọn ọmọ Nàìjíríà nínú ẹgbẹ́ náà

Orúkọ kan wà ní ẹ̀yìn aṣọ Browns tí ọmọ Yorùbá kankan kò ní ṣì mú. Larry Ogunjobi, tí àwọn òbí rẹ̀ ti Nàìjíríà lọ sí Amẹ́ríkà, ni agbábọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ NFL yàn láti Yunifásítì North Carolina ní Charlotte, ilé-ìwé tí kò bẹ̀rẹ̀ sí í gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà títí di ọdún 2013. Ipò 65 ni Browns fi mú un. Sáà rẹ̀ àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ ni kò ti rí ìborí kan. Emmanuel Ogbah, tí wọ́n bí sí ìlú Èkó tí ó sì lọ sí Houston ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, wà níbẹ̀ láti ọdún 2016. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kán ní oṣù Kọkànlá ọdún 2017. Àwọn méjèèjì wà lára àwọn tí ń dènà, iṣẹ́ tí kì í sinmi nígbà tí quarterback tiwọn bá ń ju bọ́ọ̀lù nù.

Ogbah lọ sí Kansas City Chiefs ní ọdún 2019. Ẹgbẹ́ náà gba ife Super Bowl ní oṣù Kejì ọdún 2020, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìfarapa kò jẹ́ kí Ogbah gbá àṣekágbá náà. Ogunjobi dúró ní Cleveland títí Browns fi na Steelers ní 48 sí 37 ní oṣù Kínní ọdún 2021.

Lẹ́yìn sáà náà

Ní ọjọ́ 6 oṣù Kínní ọdún 2018, àwọn olólùfẹ́ Browns yí pápá ìṣeré ẹgbẹ́ náà po nínú òtútù líle, kí ìrìn wọn lè ya òdo. Wọ́n tún dá owó fún ilé ìpèsè oúnjẹ fún àwọn tí ebi ń pa. Ní oṣù Kẹfà, Jackson bẹ́ sínú adágún Erie, nítorí pé ó ti búra lẹ́yìn sáà 2016 pé òun yóò ṣe bẹ́ẹ̀ bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀.

Browns mú Baker Mayfield ní ipò kìíní, Denzel Ward ní ipò kẹrin tí wọ́n gbà lọ́wọ́ Texans, àti Nick Chubb pẹ̀lú ipò tí wọ́n tìtorí rẹ̀ gba Osweiler. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018, Mayfield wọlé nígbà tí eré ti ń lọ, wọ́n sì na Jets ní 21 sí 17. Ọjọ́ 635 ti kọjá láti ìgbà tí wọ́n ti borí kẹ́yìn. Wọ́n lé Jackson lọ ní oṣù Kẹwàá. Eré mẹ́ta péré ni ó borí nínú 40 tí ó darí.

Ní oṣù Kejì ọdún 2022, Jackson sọ ní gbangba pé ètò ẹ̀bùn owó ẹgbẹ́ náà ti ìjákulẹ̀ lẹ́yìn. Haslam sẹ́. NFL gbé ìwádìí náà lé agbẹjọ́rò Mary Jo White lọ́wọ́. Ní oṣù Karùn-ún ọdún náà, wọ́n kéde pé kò rí ẹ̀rí pé Browns wá ìjákulẹ̀ tàbí pé wọ́n fi owó san án. Jackson ti kọ́kọ́ gbà láti bá àwọn olùwádìí sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò ṣe bẹ́ẹ̀ níkẹyìn.