Mo Ta Ọkọ̀ Ìgbòkun ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà

Ẹja àrọ̀ ni ẹni tó kọ́kọ́ wá wo ọkọ̀ mi fẹ́ fi í sìn. Ó yí i ká lẹ́ẹ̀mejì, ó ti igi bọ inú rẹ̀ láti mọ bó ṣe jìn tó, ó ní, "Bàbá, bí a bá ti lè dí ihò àárín yìí, ẹja ẹgbẹ̀rún kan á gba ibẹ̀." Mo ní kó jókòó. Ìyàwó mi gbé omi tútù fún un. Nígbà tó mu ún tán, mo sọ fún un pé ihò tó fẹ́ dí yẹn gan-an ni ọkọ̀ náà.

Káfíńtà ni mí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣiṣẹ́ ní Èkó, ọkọ̀ ojú omi ni mo sì ń tún ṣe níbẹ̀. Ní 1997, òyìnbó kan tí mo ń bá ṣiṣẹ́ ń padà sílùú rẹ̀, ó ta ọkọ̀ rẹ̀ fún mi. Ọdún méjì gbáko ni mo fi san owó rẹ̀. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì ní 2015, mi ò lè fi í sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. A so ó mọ́ ẹ̀yìn jíìpù àbúrò mi, a gba Ìbàdàn, Aṣéjìrẹ́, Gbọ̀ngán àti Ifẹ̀ bọ́ sí Iléṣà, a sì wọ́ ọ dé Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà. Gbogbo ibi tí wọ́n ti dá wa dúró ni wọ́n ti ń béèrè ibi tí à ń gbé e lọ. Bí a bá dáhùn, wọ́n á ní àbí Ìjẹ̀bú-Òde la fẹ́ pè, nítorí ta ló gbọ́ pé ọ̀sà wà nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà?

Ọmọ Ọwá Obòkun ni àwa Ìjẹ̀ṣà. Ìtàn tí wọ́n fi tọ́ wa dàgbà ni pé nígbà tí ojú Odùduwà fọ́, omi òkun ni wọ́n ní yóò là á, Ajíbógun tó jẹ́ àbíkẹ́yìn rẹ̀ ló gbéra tó lọ bù ú wá. Nítorí náà, bí ọmọ Ìjẹ̀ṣà kan bá wọ́ ọkọ̀ òkun wálé, mi ò rò pé ó dá àṣà tuntun sílẹ̀. Ibi tí mo ti ṣìṣe ni pé Ajíbógun bu omi bọ̀, èmi ò bu omi kankan. Ọdún mẹ́sàn-án ni ọkọ̀ náà fi jókòó lábẹ́ tapólíìnì lẹ́yìn ilé mi, orúnkún mi náà sì ti sọ fún mi pé òun ò ṣe mọ́. Ní oṣù kìíní 2024, mo ní ó tó gẹ́ẹ́, màá tà á.

Lightning lorúkọ irú ọkọ̀ náà, ìyẹn mànàmáná. Ilé-iṣẹ́ Sparkman & Stephens ti New York ló ya àwòrán rẹ̀ ní 1938, wọ́n sì ti kan èyí tó lé ní 15,000 káàkiri ayé láti ìgbà náà. Gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 19. Ìwọ̀n rẹ̀ tó kílò 318, ìyẹn àpò símẹ́ǹtì mẹ́fà àti díẹ̀. Ènìyàn mẹ́ta ló ń wà á: ẹnì kan di ìtọ́kọ̀ mú, àwọn méjì yòókù ń fa okùn. Ní Lagos Yacht Club, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1932, tó wà lápá Oníkàn, wọ́n máa ń fi í díje, bí wọ́n ṣe ń fi Hobie Cat àti Laser, irú ọkọ̀ ìgbòkun mìíràn, díje. Wọ́n ya mànàmáná sára ìgbòkun rẹ̀ gàdàgbà. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ tú u sílẹ̀ nínú àgbàlá, ìyá àgbà kan tó ń kọjá lọ bi mí bóyá ìgbà tí mo wà ní Èkó ni mo di oníṢàngó.

Kò ní ẹ́ńjìnnì. Mo ní láti tún èyí sọ fún gbogbo ẹni tó ń wá, nítorí ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń béèrè ni iye epo tó ń mu. Atẹ́gùn ló ń jẹ. Ẹ má sì rò pé ọ̀ràn òyìnbó lásán ni. Ẹni tó bá ti wo orí ọ̀sà Èkó láti orí afárá Third Mainland á ti rí àwọn apẹja tó ta ìgbòkun sórí ọkọ̀ ọpọ́n, àpò tí wọ́n gán pọ̀ ni òmíràn. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe ní Ganvié, lórí adágún Nokoué ní orílẹ̀-èdè Benin. Ibi tí tèmi ti yàtọ̀ ni ihò tí ọ̀gbẹ́ni ẹlẹ́ja fẹ́ dí.

Pátákó gígùn kan ló ń gba inú ihò yẹn sọ̀kalẹ̀ sínú omi. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ lu ìgbòkun láti ẹ̀gbẹ́, ó yẹ kó gbá ọkọ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ewé tó já sódò. Pátákó yẹn kò ní gbà. Atẹ́gùn ń tì í lápá kan, omi ń dá a dúró lápá kejì, ọ̀nà tó kù fún un ni iwájú. Ẹ mú kóró ọsàn tútù, kí ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka tẹ̀ ẹ́: ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lẹ ti tẹ̀ ẹ́, iwájú ló máa ta sí. Nípa bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ náà lè lọ síbi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀ pàápàá, àmọ́ kì í kọjú sí i gan-an. Ó ń yà sọ́tùn-ún, ó ń yà sósì, bí ẹni tó ń gun òkè Olúmirin ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Bí ẹ bá wá fa pátákó náà sókè, omi tí kò dé orúnkún ti tó o láti léfòó, ẹ ó sì lè rọra fà á gun orí kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Òpó ìgbòkun rẹ̀ ṣeé tú lulẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ òkun fi lè gba títì márosẹ̀ dé Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà.

Kẹ̀kẹ́ yẹn ni àwa oníṣẹ́ ń pè ní tírélà. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnì kan lórí fóònù, ó wá pẹ̀lú ọkàn pé ọkọ̀ agbépo ni mo ní. Oníplánǹkì kan fẹ́ ra tírélà nìkan, ó ní kí n yọ "báàfù" orí rẹ̀ kúrò. Ìjọ kan yá ọkọ̀ náà fún eré Nóà tí àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ fẹ́ ṣe. Mo gbé e fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ìyẹ́ adìyẹ ló kún inú rẹ̀ nígbà tí wọ́n dá a padà.

Ẹ̀yin náà á ti máa rò pé kí ló dé tí mi ò gbé e lọ síbi tí omi wà kí n tà á níbẹ̀. Alágbàtà kan ní Èkó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, ó ní kí n kun ún, kí n fi ọ̀dà bo gbogbo ojú àpá, òun á bá mi rí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Mo ní ó ṣeun, mo pa fóònù. Bàbá tó bí bàbá mi, òṣómàáló ni. Aṣọ ló ń kó lọ sí Èkìtì àti Àkókó, ó ń tà á láwìn, bí ọjọ́ owó bá pé, á lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè: òṣó ni òun á ló títí owó òun á fi jáde. Ibi tí wọ́n máa ń sọ nípa àwọn òṣómàáló nìyẹn. Èyí tí bàbá mi sọ fún mi ni pé bí bàbá rẹ̀ bá fẹ́ ta aṣọ, á tú u sílẹ̀ gbọọrọ, ibi tí kòkòrò bá ti jẹ ẹ́ ni yóò kọ́kọ́ fi han oníbàárà. Ẹni tó ti rí ihò kó tó rà á kò lè fi ihò ṣe àwáwí lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá gbowó.

Nítorí náà mo mú ìwé, mo kọ àléébù mẹ́ta sí i. Èkíní, ìgbòkun ńlá ti gbó. Aṣọ pọlíẹ́sítà ni, oòrùn ni ọ̀tá rẹ̀: bó bá ṣì lágbára, á máa dún wàràwàrà lọ́wọ́ bí ìwé, bó bá ti gbó, á rọ̀ bí àdìrẹ ọlọ́dún mẹ́wàá, òwú ojú rírán rẹ̀ á sì máa já. Tèmi ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Èkejì, imú ọkọ̀ gbá ọwọ́n èbúté kan ní 2006. Èmi ni mo lẹ̀ ẹ́, ó sì hàn. Ẹ̀kẹta, táyà tírélà. Kò tíì rin ìrìn kan ju láti Èkó dé ilé, eyín rẹ̀ ṣì pé, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí ló ń ba táyà ọkọ̀ báyìí jẹ́. Nọ́ńbà mẹ́rin kan wà lára gbogbo táyà, tèmi jẹ́ 2314: ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2014 ni wọ́n ṣe é. Ẹ lọ wo tara ọkọ̀ tiyín.

Lẹ́yìn náà ni mo wá fọ̀ ọ́. Ilé agbọ́n kan wà nínú òpó àlúmínì, mi ò ní sọ bí mo ṣe mọ̀. Mo yí ẹsẹ̀ tírélà, mo fi gíríìsì tuntun sí bẹ́ríǹ rẹ̀, nítorí omi iyọ̀ kì í fi ibẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ ọmọ mi obìnrin ní kí a ta ìgbòkun kí òun lè ya àwòrán tó dára. Èmi tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n gbà fún un. Ọyẹ́ ń fẹ́ lọ́jọ́ náà. Ìgbòkun gba atẹ́gùn, tírélà gbéra, gbogbo rẹ̀ forí lé ògiri aládùúgbò wa. Igi ìbẹ́pẹ ló dá a dúró. Àwòrán náà dára gan-an, a sì fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp pẹ̀lú ti àléébù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìbẹ́pẹ náà kú.

Obìnrin tó rà á wá láti Èkó ní oṣù kejì. Ó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa Hobie Cat, ó sì ṣe ohun tí mo fẹ́ràn: ó mú ẹni tó mọ̀ dání, ọ̀gá kan tó ń tún ọkọ̀ ṣe ní Badagry. Ọ̀gá náà kí mi, ó bọ́ bàtà, kò tún bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan. Ó fi egungun ìka kan ara ọkọ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó ń dẹtí sí i. Ibi tó bá le á dún kó, ibi tí omi bá ti wọ̀ á dún bùkù. Ó fi òwú tútù nu okùn wáyà tó di òpó mú, nítorí bí fọ́nrán kan bá ti já, òwú á há síbẹ̀, ojú lásán kò lè rí i. Ó bu omi sínú ọkọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ihò pátákó bóyá ó ń jò. Ó wo nọ́ńbà ìgbòkun, ó wo ti ara ọkọ̀, wọ́n bára mu. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ló gun orí rẹ̀, ó ń tẹ ibi gbogbo mọ́lẹ̀ pẹ̀lú gìgísẹ̀.

Ní ẹ̀gbẹ́ ìdí òpó, ó dúró. Ó tún tẹ̀ ẹ́. "Bàbá, ibí yìí rọ̀."

Mo gun un, mo tẹ̀ ẹ́ fúnra mi. Òótọ́ ni. Wọ́n ń fi nǹkan fúyẹ́fúyẹ́ sáàárín fáíbà ìpele méjì láti ṣe orí ọkọ̀ náà, bí ẹran ṣe ń wà láàárín búrẹ́dì. Ìdè kan ló tú díẹ̀, omi òjò ń gba ibẹ̀ wọlé díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ tapólíìnì tí mo rò pé ó ń dáàbò bò ó. Kì í ṣe pé mo fi pamọ́. Mi ò mọ̀ ni, èmi káfíńtà. Mo mú ìwé mi jáde níṣojú wọn, mo kọ ọ́ sí ipò kẹrin.

Mílíọ̀nù mẹ́rin ààbọ̀ náírà ni mo pè é. Obìnrin náà ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi yọ owó tibi tó rọ̀ yìí kúrò." A dúnàádúrà títí iyán fi délẹ̀, a parí ẹ̀ sí mílíọ̀nù mẹ́ta lé ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta. Ó bẹ̀ mí pé kí òun san ìdajì, kí ìyókù di ìparí oṣù. Mo ní ọmọ mi, orúnkún tí màá fi lóṣòó kò sí mọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí báǹkì mi kí wọ́n tó so ọkọ̀ mọ́ jíìpù. A kọ rìsíìtì méjì, ẹlẹ́rìí méjì fọwọ́ sí i, àléébù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà nínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní kó lọ béèrè ohun tí NIWA àti LASWA, àwọn àjọ tó ń bójú tó ọ̀nà omi, ń fẹ́ kó tó gbé e kan omi Èkó. Mo fún un ní táyà kan tó wà nílẹ̀, lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọ̀gbẹ́ni ẹlẹ́ja padà wá ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ó ti gbẹ́ kòtò fún ẹja rẹ̀, ohun tí yóò tẹ́ sínú rẹ̀ ló ń wá. Mo ta tapólíìnì fún un ní ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún náírà. Ihò méjì ló wà lára rẹ̀, mo sì fi méjèèjì hàn án.