Ṣéènì Alùpùpù Ló Gbé Ẹ́ńjìnnì Sẹ́yìn Awakọ̀

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, èmi àti ọ̀rẹ́ mi gba Yaba lọ sí ọjà Ládípọ̀ ní Mushin. Ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà là ń wá. A fẹ́ fi ṣe mọ́tò kékeré tí ẹnì kan ṣoṣo máa wọ̀, torí owó ẹ́ńjìnnì mọ́tò ju agbára wa lọ. Ọ̀rẹ́ mi ò fi bẹ́ẹ̀ fọkàn sí i. Ó ní eré ọmọdé lèyí, ká kúkú dúró dìgbà tówó bá wọlé.

Bàbá mẹkáníìkì tá a bá níbẹ̀ bi wá pé, "Ibo lẹ fẹ́ gbé e sí, iwájú àbí ẹ̀yìn?"

Mo ní, "Iwájú ni, Bàbá."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Táyà ẹ̀yìn ni ṣéènì máa yí. Ṣé abẹ́ ìdí awakọ̀ lẹ máa fà á gbà ni?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, irú ìbéèrè yìí ló yí eré ìje mọ́tò padà láyé.

Ní 1946, ogun àgbáyé kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, owó ò sí nílùú. Charles Cooper àti John ọmọ rẹ̀, ní Surbiton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fẹ́ ṣe mọ́tò eré ìje tí ò ní gbówó lórí. Wọ́n mú apá iwájú mọ́tò Fiat Topolino méjì, wọ́n so wọ́n pọ̀: ọ̀kan di iwájú, ìkejì di ẹ̀yìn. Ẹ́ńjìnnì alùpùpù JAP, 500cc, onísìlíńdà kan, ni wọ́n fi sí i. Torí ṣéènì, ẹ̀yìn awakọ̀ ni wọ́n gbé e sí.

Auto Union ti Jámánì ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí láwọn ọdún 1930, àmọ́ mọ́tò olówó ńlá nìyẹn. Ti Cooper yìí, ọ̀dọ́ lè rà á. Ọmọ ọdún 18 ni Stirling Moss nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi tiẹ̀ sáré ní 1948.

Kí ló dé tó fi dáa? Àkọ́kọ́, kò sí ọ̀pá gígùn tó ń gba abẹ́ awakọ̀ kọjá. Awakọ̀ á lè jókòó nísàlẹ̀, mọ́tò á fúyẹ́, afẹ́fẹ́ ò sì ní dí i lọ́wọ́ púpọ̀. Ìkejì, ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì omi kékeré mọ́ àyà, kẹ́ ẹ wá yí po. Ẹ tún nawọ́ gbé e jìnnà sára, kẹ́ ẹ yí. Èwo ló rọrùn? Tí ẹrù bá sún mọ́ àárín, yíyí á yá. Àárín awakọ̀ àti táyà ẹ̀yìn sì ni ẹ́ńjìnnì yẹn wà.

Ní 1958, Moss fi Cooper gba ìdíje Formula 1 ní Ajẹntínà. Jack Brabham fi Cooper di ọ̀gá awakọ̀ àgbáyé ní 1959 àti 1960. Lónìí, gbogbo mọ́tò Formula 1, ẹ̀yìn awakọ̀ ni ẹ́ńjìnnì wọn wà.

Ọ̀rọ̀ yìí ò jìnnà sí wa. Ní 2014, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ UNILAG ní Akoka gbé AutoNov 1 tí wọ́n ṣe fúnra wọn lọ sí Rotterdam fún Shell Eco-marathon, ìdíje ẹni tó máa fi epo díẹ̀ rìn jìnnà jù. Awakọ̀ nìkan ló máa ń wà nínú ọkọ̀ níbẹ̀.

Gbogbo èyí ni mo ń rò fún ọ̀rẹ́ mi nínú danfo nígbà tá à ń padà bọ̀. Kò fèsì. Nígbà tá a délé, òun ló mú ṣọ́ọ̀kì, ó yàwòrán férémù sílẹ̀. Ẹ̀yìn ló gbé ẹ́ńjìnnì sí.

Ó wá ku bíréèkì.