Àwòdì Òkè Ìdànrè

Ẹni tó bá gun àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè, tó lé ní 600, tó sì jókòó sinmi díẹ̀ lójú ọ̀nà, yóò rí ohun tí ará pẹ̀tẹ́lẹ̀ kì í sábà rí: ẹ̀yìn àwòdì. Nílé, abẹ́ ìyẹ́ rẹ̀ nìkan la mọ̀, nítorí òkè orí wa ló máa ń wà. Lórí àpáta yìí, ìsàlẹ̀ ibi tí èèyàn jókòó sí ni yóò ti máa rà bàbà, tí kò ní ju apá lẹ́ẹ̀kan títí yóò fi pòyì tán. Oòrùn ló ń bá a ṣiṣẹ́. Bí oòrùn bá ti pa àpáta fún wákàtí mélòó kan, afẹ́fẹ́ gbígbóná a máa ru sókè lára òkúta, ẹyẹ náà a kàn na apá méjèèjì, a jẹ́ kí ooru gbé òun.

Àwọn ará Ìdànrè gbé lórí òkè yìí títí di 1923 kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀. Ààfin àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀, UNESCO sì ti kọ orúkọ ibẹ̀ láti 2007 sára àwọn ibi tó ṣeé ṣe kó di ogún àgbáyé. Àwọn èèyàn sọ̀ kalẹ̀, àwòdì dúró.

Àwọ̀ ara rẹ̀ ò pupa, kò dúdú. Ẹnu rẹ̀ rí rúsúrúsú, ìrù rẹ̀ là bíi ti ẹja. Ìrù yìí ló fi ń darí ara rẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa, ẹ ó rí i bó ṣe ń yí i sọ́tùn-ún sósì. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló ń pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Níbi tí àgbẹ̀ bá ti ń sun oko, òun ni yóò kọ́kọ́ dé, yóò máa fi èékánná já tata tó ń sá fún iná gbà lófuurufú, yóò sì gbé e sẹ́nu láì bà sílẹ̀. Bí òjò bá rọ̀ dáadáa, ọ̀pọ̀ wọn a forí lé àríwá.

Ọmọ adìẹ ló sọ ọ́ di ọ̀tá nílé. Kí òjìji rẹ̀ ṣáà kọjá lójú àgbàlá, ìyá adìẹ a ké, àwọn ọmọ a sá sábẹ́ ìyẹ́, àwọn èwe a pariwo, “Àṣá o!” Àwọn ìyá wa a tiẹ̀ máa fi aró kun ọmọ adìẹ kí àwòdì má baà dá a mọ̀. Wọ́n ṣépè títí. Yorùbá ló ní àwòdì jẹun èpè sanra.

Ẹ̀rù yẹn gan-an ni àwọn kan ń sanwó fún lókè òkun. Ní Wimbledon, nílùú London, ẹyẹlé ń yọ àwọn tó ń gbá tẹ́níìsì lẹ́nu: wọ́n ń jẹ irúgbìn koríko pápá, wọ́n sì ń su síbi ìjókòó. Lọ́dún 2008 ni àṣá kan tó ń jẹ́ Rufus bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀. Láàárọ̀, kí èrò tó wọlé, wọn a tú u sílẹ̀, a sì fò yí gbogbo òrùlé ká. Wọ́n fún un ní káàdì ìdánimọ̀ tòun ti fọ́tò, wọ́n kọ iṣẹ́ rẹ̀ síbẹ̀: adẹ́rùbẹyẹ. Olè jí i gbé nínú mọ́tò ní 2012, ariwo gbalẹ̀ kan kí wọ́n tó rí i.

Harris's hawk ni wọ́n ń pe irú rẹ̀, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá. Ọ̀pọ̀ àṣá ló ń dá ṣọdẹ. Èyí a máa kó ẹbí jọ ṣe é, ìdí nìyẹn tí kò fi ṣòro fún un láti bá èèyàn rìn. Olùkọ́ rẹ̀ a wọ ìbọ̀wọ́ awọ, a súfèé, a fi ẹran wẹ́wẹ́ hàn án, àṣá a fò wá bà lé e lọ́wọ́. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbé e lé òṣùwọ̀n, torí bí ó bá yó jù kò ní dáhùn, bí ebi bá sì pa á jù kò ní lókun. Kò dìgbà tó bá pa ẹyẹlé kí wọ́n tó sá. Ère alákìísà tí àgbẹ̀ rì mọ́ oko ìrẹsì, bó bá pẹ́ díẹ̀ ẹyẹ a bà lé e lórí. Ṣùgbọ́n kò sí ẹyẹ tí ara rẹ̀ ń balẹ̀ níbi tí àṣá bá ti ń fò.

Lọ́dọ̀ tiwa, ẹ̀gà ni ilé ìgbafẹ́ tó bá gbin ọ̀pẹ yóò bá jà. Wọn a ya ewé ọ̀pẹ tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ fi hun ìtẹ́ títí imọ̀ yóò fi ku ọ̀pá lásán, ariwo wọn ò sì ní jẹ́ kí àlejò sùn láàárọ̀. Àwòdì eléérú kan wà nílẹ̀ wa tó kápá wọn. Ojú rẹ̀ kò níyẹ̀ẹ́, awọ rúsúrúsú ló wà níbẹ̀, tó máa ń pọ́n bí inú rẹ̀ bá ru. Oríkèé ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ká síwájú, ó ń ká sẹ́yìn. Yóò dì mọ́ imọ̀ ọ̀pẹ, yóò dorí kodò, yóò máa lu apá kó má baà já bọ́, yóò wá ti ẹsẹ̀ kan bọ ìtẹ́ ẹ̀gà, yóò kó ẹyin àti ọmọ. Ó tún ń jẹ ẹyìn ọ̀pẹ.

Ní tèmi, kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi máa ra àṣá òkèèrè wá sí ẹsẹ̀ Òkè Ìdànrè. Kí èyí tó wà nílẹ̀ rí ibi gbé ló ṣe pàtàkì. Igi ńlá ló ń tẹ́ ìtẹ́ sí, àràbà àti ìrókò la sì ń gé. Eku tó jẹ májèlé ń pa òun náà bó bá jẹ ẹ́. Ẹ wo gúnnugún: nígbà kan kò sí odò ẹran tí a kì í bá a. Májèlé àti títà á fún oògùn wà lára ohun tó ń pa á run. Láti 2015 ni wọ́n ti kà á mọ́ àwọn ẹyẹ tó kù díẹ̀ kí wọ́n parẹ́ láyé.

Ẹ̀yin ọdẹ, ẹ̀yin tí ẹ ń ta ẹyẹ gbígbẹ lọ́jà, ẹ dákun, ẹ fi àwòdì sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ilé ìgbafẹ́, ẹ dá igi ńlá méjì mẹ́ta sí nínú ọgbà yín. Ẹni tó bá sì ń sin adìẹ, kó sé àwọn ọmọ mọ́lé títí wọn yóò fi tóbi ju èyí tí àwòdì lè gbé.