Ìṣọ́wó-ná Kì í Ṣe Ahun: Ọgbọ́n Ọjà àti Ọgbọ́n Ìdáná Nílé Yorùbá

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Òtítọ́ ni òwe yìí, nítorí pé ẹni tí ó bá ti rí oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ jẹ lè fara da àìní mìíràn. Ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ iye tí oúnjẹ yóò náni, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ bí ìyá tí ó ní ọmọ mẹ́rin àti owó táṣẹ́rẹ́ yóò ṣe lé ebi jáde nínú ilé tirẹ̀. Àṣà ni ó pèsè ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn, ìdáhùn náà ni a sì fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí.

Èdè wa ya ènìyàn mẹ́ta sọ́tọ̀ lórí ọ̀rọ̀ owó. Àpà ni ẹni tí ó ná tọ̀la mọ́ tòní. Ahun ni ẹni tí ó ní, ṣùgbọ́n tí kò jẹ́ kí òun tàbí ará ilé òun jẹ nínú rẹ̀. Aṣọ́wóná ni ẹni tí ó mọ iye tí ó wà lọ́wọ́ òun, tí ó mọ iye ẹnu tí òun ń bọ́, tí ó sì ń mú kí ọ̀kan bá èkejì dọ́gba. Àpà àti ahun ni àwọn àgbà ń bú. Ní ti aṣọ́wóná, ìyìn ni tirẹ̀, nítorí pé ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ó ṣe ni láàánú pé lóde òní, ọ̀pọ̀ ènìyàn ti da ahun pọ̀ mọ́ aṣọ́wóná, tí ojú sì ń tì wọ́n láti ṣe ohun tí àwọn ìyá wọn fi tọ́ wọn dàgbà.

Ọ̀wọ́n gógó kì í ṣe àlejò ní ilẹ̀ yìí. Àwọn tí wọ́n ti dàgbà rántí 1982, nígbà tí ìjọba Alhaji Shehu Shagari gbé òfin ìfúnra-lámùrè kalẹ̀. Wọ́n rántí 1986 pẹ̀lú, nígbà tí ìjọba Ọ̀gágun Ibrahim Babangida mú ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí a mọ̀ sí SAP wọlé. Ní oṣù Karùn-ún 2023, ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, iye náírà já wálẹ̀. Nígbà tí yóò fi di oṣù Kẹfà 2024, ilé-iṣẹ́ ètò ìṣirò ìjọba àpapọ̀ kéde pé iye owó oúnjẹ ti fi ohun tí ó lé ní 40 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju ti ọdún kan ṣáájú lọ. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí òfin là sílẹ̀ ní oṣù Keje ọdún náà sì jẹ́ 70,000 náírà. Ẹni tí ó bá gbé ìṣirò méjèèjì yìí sórí òṣùwọ̀n yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìkòkò ọbẹ̀ ti kúrò ní ọ̀rọ̀ eré.

ỌJÀ NI ÌDÁNÁ TI Ń BẸ̀RẸ̀

Ọgbọ́n ìdáná kò bẹ̀rẹ̀ ní ìdí àdìrò; ọjà ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìlú wa ni ó ní ọjà ọrún, tí a ń ná ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún bí a bá ka ọjọ́ ọjà méjèèjì mọ́ ọn. Àwọn mìíràn ní ọjà ìsán, tí ó jẹ́ ọjọ́ mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án. Àwọn ìlú tí ó múlé ti ara wọn kì í sábà ná ọjà wọn ní ọjọ́ kan náà, kí ọlọ́jà lè ti ibì kan bọ́ sí ibòmíràn. Ìyàwó ilé tí ó bá mọ ọjọ́ wọ̀nyí ní àkámọ́rí ni ó ń mọ ọjọ́ tí àgbẹ̀ fúnra rẹ̀ yóò kó iṣu, ata àti gàrí wá, kí ẹrù náà tó gba ọwọ́ alágbàtà méjì tàbí mẹ́ta kọjá. Gbogbo ọwọ́ tí ẹrù bá gbà ni ó ń bu owó lé e.

Àkókò nínú ọjọ́ náà ní ìtumọ̀. Ẹni tí ó ń ta ẹ̀fọ́ àti ewédú kò fẹ́ gbé e padà sílé, nítorí pé bí ilẹ̀ bá mọ́, ó ti rọ. Nítorí náà, ọjà ìrọ̀lẹ́ dára fún ewébẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjà òwúrọ̀ ni ó dára fún ẹja tútù, nítorí pé ẹja tí oòrùn ti pa láti àárọ̀ kò lérè bí ó ti wù kí ó pọ́ọ́kú tó.

Lẹ́yìn tí a bá ti ná ọjà tán, ó ku èènì. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí rò pé ìtọrọ ni èènì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdè ni láàrin ọlọ́jà àti oníbàárà rẹ̀. Oníbàárà tí ó ń padà wá ni a ń fi èènì sí i fún, òun náà ni a sì lè tà fún láwìn ní ọjọ́ tí kò sí owó. Ẹni tí ó ń ra nǹkan lónìí níbí, lọ́la lọ́hùn-ún, kò ní ẹni tí yóò fi èènì sí i fún un. Ìyá tí ó lójú inú a sì máa wo òṣùwọ̀n dáadáa: yóò fi ọwọ́ kan ìsàlẹ̀ kóńgò kí ó mọ̀ bóyá wọ́n ti lù ú wọnú, yóò sì wo bí ọlọ́jà ti ń da ẹ̀wà sí i.

Ohun kan wà tí ó ń jẹ owó tálákà ju ohun gbogbo lọ, ìyẹn ni rírà ní wẹ́wẹ́. Ẹni tí kò ní owó kóńgò a ra agolo mílíkì kan. Ẹni tí kò ní owó ìgò epo a ra ti inú ọ̀rá. Bí ó bá ra agolo títí tí ó fi tó kóńgò kan, yóò rí i pé owó tí òun san ti ju ti ẹni tí ó ra kóńgò lẹ́ẹ̀kan lọ. Báyìí ni ìṣẹ́ ń mú kí ènìyàn ra nǹkan ní wẹ́wẹ́, tí rírà ní wẹ́wẹ́ sì ń dá kún ìṣẹ́.

Àwọn baba ńlá wa rí èyí, wọ́n sì fi èésú dí i. Ẹgbẹ́ a dá iye kan náà jọ ní àsìkò kan náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn a sì máa kó gbogbo rẹ̀ ní tirẹ̀ títí yóò fi yí wọn ká. William Bascom, ará Amẹ́ríkà tí ó ṣe ìwádìí láàrin wa, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde lórí èésú ní 1952. Àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú gbé àṣà náà kọjá òkun, tí ó fi jẹ́ pé “susu” ni wọ́n ń pè é ní Trinidad títí di òní. Ohun tí a lè fi èésú ṣe fún ìkòkò ọbẹ̀ kò ṣòro: kí ìyá mẹ́rin kó owó jọ, kí wọ́n ra àpò gàrí tàbí àpò ẹ̀wà kan, kí wọ́n sì fi kóńgò kan náà pín in lójú ara wọn.

NÍ ÌDÍ ÀDÌRÒ

Bí a bá dé ìdí àdìrò, ìlànà kan ṣoṣo ni àwọn ìyá wa mọ̀: ohunkóhun kò gbọdọ̀ ṣòfò. Ẹ wo àgbàdo tí a fi ṣe ògì. Ògì náà di ẹ̀kọ. Ẹ̀ẹ́rí rẹ̀ di oúnjẹ ẹran ọ̀sìn. Omidùn rẹ̀ ni a fi ń rẹ egbò igi fún àgbo. Ẹ wo iṣu tí ó kéré tàbí tí ó ṣá lọ́gbẹ́ lóko, tí kò ṣeé fi ṣe ọ̀wọ̀ fún àlejò. A bẹ ẹ́, a bọ̀ ọ́ lómi gbígbóná, a sá a gbẹ, a lọ̀ ọ́, ó di èlùbọ́ tí yóò bọ́ ilé ní àsìkò tí iṣu tuntun kò tíì jáde. Ewùrà kò ṣeé gún níyán bí iṣu gidi, ṣùgbọ́n Ìjẹ̀bú sọ ọ́ di ìkọ́kọrẹ́, àwọn mìíràn sì ń rin ín fi dín òjòjò. Nígbà tí ilá bá pọ̀ lóko tí kò sì lówó lórí, a rẹ́ ẹ, a sá a, ó di orúnlá tí a óò fi se ọbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Irú tí a ṣe láti inú hóró irúgbá ni ó ń fún ọbẹ̀ tí kò lẹ́ran ní adùn, ó sì ní èròjà tí ń mú ara dàgbà nínú.

Ẹ jẹ́ kí a mú ẹ̀wà fún àpẹẹrẹ. Bí ẹni mẹ́fà bá wà nílé, kóńgò ẹ̀wà kan lè di oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mẹta. Ìdá kan ni kí a sè mọ́ àgbàdo, kí ó di àdàlú. Ìdá kejì ni kí a bó, kí a sè é rọ̀, kí a fi ìjábẹ̀ lù ú, kí ó di gbẹ̀gìrì tí a óò bu mọ́ ewédú lórí àmàlà, bí àwọn ará Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn ti ń ṣe. Ìdá kẹta ni kí a lọ̀, kí a fi ewé pọ́n ọn ní mọ́ín-mọ́ín. Àdàlú yìí kì í ṣe oúnjẹ òṣì rárá. Ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ nípa oúnjẹ fi yé wa pé èròjà tí àgbàdo kò ní tó, ẹ̀wà ní in, èyí tí ẹ̀wà kò ní tó, àgbàdo ní in. Àwọn ìyá wa kò ka ìwé kí wọ́n tó pa wọ́n pọ̀.

Iná pẹ̀lú ń jẹ owó. Bí a bá rẹ ẹ̀wà sómi mọ́jú, tí a da omi náà nù, yóò jinná kíákíá, èédú tàbí gáàsì yóò sì ṣẹ́kù. Ó sàn kí a ṣe bẹ́ẹ̀ ju kí a da kán-ún sí i lọ, nítorí pé kán-ún a máa ba lára èròjà aṣaralóore ẹ̀wà jẹ́.

IBI TÍ ÀṢÀ TI KÙ DÍẸ̀ KÁÀTÓ

A kò gbọdọ̀ torí ìfẹ́ àṣà fi ojú fo àléébù rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilé, baba ni ó ń jẹ ẹran ńlá, àwọn ọmọ a sì máa jẹ ọbẹ̀ lásán tàbí egungun. Wọ́n a ní ẹyin ń sọ ọmọ di olè. Wọ́n a tún ní aláboyún kò gbọdọ̀ jẹ ìgbín, kí ọmọ inú rẹ̀ má baà máa wa itọ́. Ẹ̀kọ́ ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ni òwe ẹyin yẹn fẹ́ kọ́ ọmọ, kí ojúkòkòrò má wọ̀ ọ́ lẹ́wù. Ṣùgbọ́n ara ọmọ tí ń dàgbà àti ara aláboyún ni ó nílò ẹyin, ẹja àti ẹran jù lọ. Bí ẹyin méjì péré bá wà nílé, àwọn wọ̀nyí ni ó yẹ kí ó kàn. Baba tí ó bá fi ẹran rẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ kò sọ ipò rẹ̀ nù. Àwọn onímọ̀ wa kò sì sùn lórí ọ̀rọ̀ yìí: ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Òṣòdì ṣe ògì tí a pò mọ́ sóyà, kí ẹ̀kọ tí a fi ń já ọmọ lẹ́nu ọmú má baà jẹ́ omi ṣíṣàn lásán.

Ìṣọ́wó-ná kan sì tún wà tí ń pa ènìyàn. Ẹ̀gẹ́ tí a kò rẹ pẹ́ tó kí a tó fi ṣe láfún ní májèlé nínú. Ẹ̀pà, àgbàdo àti èlùbọ́ tí ó ti bu kì í ṣe ohun tí à ń fọ̀ jẹ, nítorí pé májèlé inú rẹ̀ kì í bá omi lọ, iná kì í sì í pa á tán. Ẹni tí ó bá tìtorí owó kóńgò kan jẹ ohun tí ó bu yóò san owó náà ní ìlọ́po nílé ìwòsàn.

ÌTÌJÚ KÌ Í KÚN IKÙN

Ọ̀rọ̀ tí ó ṣẹ́kù ni ọ̀rọ̀ ìtìjú. Àwọn kan ń jẹ gbèsè kí aládùúgbò má baà gbọ́ pé wọ́n jẹ ẹ̀kọ àti ẹ̀fọ́ ní ọjọ́ Àìkú. Wọ́n a ra ìrẹsì láwìn, wọ́n a ra aṣọ ẹgbẹ́ láwìn, ọmọ wọn a sì lọ sí ilé-ìwé láìjẹun ní ọjọ́ Ajé. Àṣà wa kò kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Ohun tí àṣà sọ ni pé kí ẹni tí a bá nídìí oúnjẹ ké sí àlejò pé kí ó wá bá òun jẹun. Kò sọ irú oúnjẹ tí ó gbọdọ̀ wà nínú àwo. Ẹni tí ó fi èkuru ṣe àlejò pẹ̀lú ọ̀yàyà ti ṣe ojúṣe ọmọlúàbí.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọgbọ́n yìí bá yín wọlẹ̀. Ẹ sọ fún ọmọ àti ọmọ-ọmọ yín bí ẹ ti ń ṣe orúnlá àti irú. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fi ọjà ọrún, èésú àti kóńgò kọ́ àwọn ọmọ yín ní ìṣirò àti ní èdè Yorùbá pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń dá oúnjẹ sè nínú yàrá, ẹ pa owó pọ̀ ra àpò, ẹ rẹ ẹ̀wà yín mọ́jú, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àdàlú bú yín. Díẹ̀díẹ̀ ni ọjà ń kún. Díẹ̀díẹ̀ náà ni ilé fi ń bọ́ lọ́wọ́ gbèsè.