Bí Bakitéríà Ṣe Ń Dá Àlùmọ́ọ́nì Sínú Òkúta

Iyanrìn àti ẹrẹ̀ tó bá rọlẹ̀ sí ìsàlẹ̀ omi máa ń dì lé ara wọn títí wọn yóò fi di òkúta gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀. Inú irú òkúta bẹ́ẹ̀ ni a ti ń wa ọ̀pọ̀ irin, imí-ọjọ́ àti òkúta ẹfun. Bakitéríà ní ọwọ́ nínú dídá púpọ̀ nínú wọn: bó ṣe ń jẹ, tó ń mí, ohun tó ń tú dànù ni ó ń di àlùmọ́ọ́nì.

Irin. Òkè Hamersley, ní ìwọ̀-oòrùn Ọsirélíà, kún fún òkúta abilà tó ti dì láti nǹkan bí ọdún bílíọ̀nù 2.5 sẹ́yìn. Bí a bá gé e, ìlà pupa àti ìlà dúdú ni yóò máa tẹ̀ lé ara wọn, àwọn mìíràn kò sì nípọn ju bébà lọ. Láyé ìgbà náà, irin tó ti yòrò pọ̀ nínú òkun, nítorí ọ́síjìn ṣọ̀wọ́n. Sayanobakitéríà, tó ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ, wá ń tú ọ́síjìn sínú omi. Irin náà dípẹtà, kò lè yòrò mọ́, ó sì rì. Ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ ọ́síjìn nìkan ló ṣe é: ní 1993, Friedrich Widdel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì ṣàlàyé bakitéríà mìíràn tó ń fi ìmọ́lẹ̀ mú irin dípẹtà láìsí ọ́síjìn rárá.

Imí-ọjọ́. Ẹni tó bá ti tẹ ẹrẹ̀ dúdú etí ọ̀sà rí mọ òórùn ẹyin tó ti bàjẹ́. Bakitéríà tí kì í lo ọ́síjìn ló ń fà á. Martinus Beijerinck ṣàwárí irú wọn ní Netherlands ní 1895. Súlífétì, èròjà kan tó ní imí-ọjọ́ nínú, ni wọ́n fi ń mí, gáàsì onímí-ọjọ́ ni wọ́n sì ń tú síta. Bí gáàsì náà bá pàdé irin nínú ẹrẹ̀, páírítì, tó ń dán bíi wúrà, ni yóò dì níbẹ̀. Ní Louisiana, ní Amẹ́ríkà, bakitéríà jẹ epo rọ̀bì lábẹ́ ilẹ̀, gáàsì tí wọ́n tú sì padà di imí-ọjọ́. Ní 1894, Herman Frasch fi omi gbígbóná yọ́ ọ, ó sì fà á sókè.

Òkúta ẹfun. Ní Shark Bay, ní Ọsirélíà, sayanobakitéríà ṣì ń mọ òkúta lọ́wọ́. Iyọ̀ omi ibẹ̀ tó ìlọ́po méjì ti òkun, ìyẹn ni kò jẹ́ kí àwọn ìgbín omi tí ìbá jẹ wọ́n pọ̀ níbẹ̀. Ara sayanobakitéríà náà tó ń yọ̀ ń lẹ iyanrìn mọ́ra, kálísíọ̀mù inú omi sì ń dì mọ́ ọn. Òkúta náà kì í ga tó mìlímítà 1 lọ́dún.

Nítorí náà, onímọ̀ ilẹ̀ tó ń wá irú àlùmọ́ọ́nì bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wádìí irú omi tó bo ibẹ̀ rí, àti ohun tó gbé inú rẹ̀.