Bí ẹ́ńjìnnì inú ọkọ̀ ojú omi bá ń gbóná jù: Ibi tó yẹ kí olówó ọkọ̀ wò kó tó náwó

Onímọ́tò tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá gbóná lè yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, kó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kó dúró kó tutù. Ọ̀sà kò ní ẹ̀gbẹ́ títì. Bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ èrò bá dákú láàárín Ìkòròdú sí Èkó, ìgbì ni yóò máa darí ọkọ̀, àyà àwọn èrò yóò máa já, owó ọjọ́ náà yóò sì bómi lọ. Bí ooru náà bá wá ba inú ẹ́ńjìnnì jẹ́, kì í ṣe owó ọjọ́ kan ló lọ mọ́, owó tí wọ́n fi dá iṣẹ́ sílẹ̀ ni.

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kéékèèké tó ń ná orí ọ̀sà Èkó, ẹ́ńjìnnì tí wọ́n gbé kọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ ni wọ́n ń lò. Ṣùgbọ́n nínú àwọn ọkọ̀ èrò ńlá, ọkọ̀ apẹja ńlá àti ọkọ̀ tó ń wọ́ báàjì, inú ikùn ọkọ̀ ni ẹ́ńjìnnì máa ń wà, dísẹ́ẹ̀lì ló sì sábà máa ń mu. Irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ kì í rí atẹ́gùn tó máa fẹ́ sí i bíi ti mọ́tò. Omi ló gbójú lé. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà tí omi ń gbà wọlé, tó sì mọ ọ̀nà tó ń gbà jáde, lè mọ ohun tó ń ṣe é kí ẹnikẹ́ni tó tú u palẹ̀.

Omi méjì ló ń ṣiṣẹ́

Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì wọ̀nyí, omi méjì ló wà. Àkọ́kọ́ ni omi ọ̀sà tàbí omi òkun. Ihò kan wà nísàlẹ̀ ọkọ̀ tó ń gbà wọlé. Ó máa kọjá nínú asẹ́ tó ń gba pàǹtí dúró, pọ́ǹpù tó ní abẹ̀bẹ̀ onírọ́bà tí wọ́n ń pè ní ìmpẹ́là á fà á lọ sínú kúlà, lẹ́yìn náà á pàdé èéfín ní ìgbọ̀nwọ́ sáléńsà, àwọn méjèèjì á sì jọ jáde lẹ́yìn ọkọ̀.

Èkejì ni omi tí wọ́n dà sínú ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀, tó ń yí po nínú rẹ̀ bí omi ráídétọ̀ mọ́tò. Inú kúlà ni omi méjèèjì ti ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láìdàpọ̀. Omi ọ̀sà á gba ooru lọ́wọ́ omi ẹ́ńjìnnì, á sì gbé e jáde. Ibi yòówù tí ọ̀kan nínú wọn bá ti há, ẹ́ńjìnnì á gbóná.

Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni ìwádìí ti ń bẹ̀rẹ̀

Ibi àkọ́kọ́ tó yẹ kí olówó ọkọ̀ wò kì í ṣe orí ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni, níbi tí sáléńsà ti ń tu omi. Bí omi tó ń jáde bá ti dín sí bó ṣe máa ń rí, tí èéfín funfun bíi ti ìkòkò tó ń hó sì ń bá a jáde, omi ọ̀sà ni kò wọlé tó. Bí omi bá ń jáde dáadáa, tí ẹ́ńjìnnì sì ń gbóná síbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ìṣòro wà lọ́dọ̀ omi inú ẹ́ńjìnnì tàbí nínú kúlà, tàbí kí iṣẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń ṣe ti ju agbára rẹ̀ lọ.

Géèjì náà máa ń purọ́ nígbà mìíràn, pàápàá bí iyọ̀ bá ti jẹ wáyà rẹ̀. Irinṣẹ́ kan wà lọ́jà tí wọ́n ń nà sí nǹkan láti ka ooru rẹ̀ láìfọwọ́ kàn án. Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń nà síwájú orí èèyàn nígbà àrùn Kòrónà ní 2020 o. Ìyẹn kò lè ka ooru ẹ́ńjìnnì. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tó ní omi tirẹ̀ máa ń wà láàárín dígírì Celsius 75 sí 90, ṣùgbọ́n ìwé tó bá ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan wá ni kí wọ́n tẹ̀ lé.

Ìgbà wo ló ń gbóná?

Ìbéèrè yìí ló ń dín owó mẹ́káníìkì kù. Bó bá jẹ́ òjijì ló gbóná, ó ṣeé ṣe kí ọ̀rá tàbí ewé ti dí ihò ìsàlẹ̀, kí ìmpẹ́là ti ya, tàbí kí bẹ́líìtì ti já. Ọ̀rọ̀ ewé kì í ṣe kékeré l'Ékòó. Láti 1984 tí ewéko wọ́tà háyásíǹtì ti wọlé láti ìhà Badagry, ó ti di àlejò tí kì í gbàgbé ọ̀nà. Ìgbà tí omi òjò bá ti lé iyọ̀ kúrò nínú ọ̀sà ló máa ń gbilẹ̀. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kò sì ní àsìkò tirẹ̀, gbogbo ìgbà ló ń léfòó.

Bó bá jẹ́ díẹ̀díẹ̀ ni ooru ń gòkè láti oṣù dé oṣù, èérí ló ń dì. Iyọ̀ àti ìdọ̀tí máa ń lẹ̀ mọ́ inú kúlà, ìpẹtà àti èédú a sì máa fún ihò ìgbọ̀nwọ́ sáléńsà pa.

Bó bá jẹ́ ìgbà tí awakọ̀ bá tẹná mọ́ ọn nìkan ló ń gbóná, omi tó ń wọlé lè tó fún ìrìn jẹ́jẹ́ kó má tó fún eré. Kúlà tó ti dí ìdajì lè fà á, họ́ọ̀sì tó ti rọ̀ tó ń fún mọ́ra bí pọ́ǹpù bá ń fa omi náà lè fà á. Kí wọ́n sì wo ìdí ọkọ̀. Karahun tó lẹ̀ mọ́ ọn, okùn àwọ̀n tó wé mọ́ pùròpẹ́là, tàbí èrò àti ẹrù tó ju iye tí ọkọ̀ lè gbé, gbogbo wọn ló ń mú ẹ́ńjìnnì ṣe iṣẹ́ àṣekúdórógbó.

Láti orí èyí tó rọjú dé èyí tó wọ́n

Asẹ́ ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò, nítorí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n ti táàpù ihò ìsàlẹ̀ kí wọ́n tó ṣí asẹ́, kí omi má baà ya wọ inú ọkọ̀. Rọ́bà ìdérí asẹ́ tó ti gbó lè máa fa atẹ́gùn dípò omi. Bí wọ́n bá sì parí, kí wọ́n má gbàgbé láti ṣí táàpù padà; ìmpẹ́là tó bá ń yí láìrí omi kì í pẹ́ bàjẹ́.

Ìmpẹ́là ló tẹ̀ lé e. Kí wọ́n ka ìka rọ́bà rẹ̀. Bí ọ̀kan bá ti kán, kò tó kí wọ́n kàn fi tuntun sí i. Ó di dandan kí wọ́n wá èyí tó kán rí, nítorí ẹnu kúlà ló sábà máa ń lọ há sí. Ọ̀pọ̀ tó pààrọ̀ ìmpẹ́là tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń gbóná, ohun tí wọ́n gbàgbé nìyẹn.

Lẹ́yìn èyí ni kí wọ́n wo bẹ́líìtì, àti omi ẹ́ńjìnnì nígbà tó bá ti tutù pátápátá. Tẹmosítáàtì kò ṣòro láti dán wò: kí wọ́n tú u, kí wọ́n sọ ọ́ sínú ìkòkò omi, kí wọ́n gbé e kaná. Bí omi bá gbóná dé iye tí wọ́n kọ sí i lára tí kò ṣí, òun ni ọ̀tá. Ìgbà tí gbogbo èyí kò bá ní ẹ̀bi ni kí wọ́n tó sanwó pé kí wọ́n tú kúlà àti ìgbọ̀nwọ́ sáléńsà fọ̀.

Àmì kan wà tí kò gba eré. Bí omi ẹ́ńjìnnì bá ń dín kù láìjò síta, tí ó ń yọ ìfóòfó nínú agolo rẹ̀, tàbí tí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì funfun bíi tíì onímílíìkì, ó ṣeé ṣe kí tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ti lọ. Kí wọ́n má ṣe tan án mọ́ títí mẹ́káníìkì tó mọṣẹ́ yóò fi dé.

Bó bá ṣẹlẹ̀ lójú omi

Kí awakọ̀ dín iná kù lójú ẹsẹ̀, kó sì wo ẹ̀yìn ọkọ̀. Bí omi kò bá jáde rárá, tàbí tí ooru kò yéé gòkè, kó darí ọkọ̀ kúrò lójú ọ̀nà àwọn ọkọ̀ ńlá, kó pa ẹ́ńjìnnì, kó ju ìdákọ̀ró, kó rí i pé gbogbo èrò wọ ẹ̀wù amúnilófòó, kó sì pe ọkọ̀ mìíràn. Kó má ṣe ṣí ìdérí omi ẹ́ńjìnnì tó gbóná, ó ń bó èèyàn. Kó má sì da omi tútù lé e lórí, irin gbígbóná lè sán.

Ìmpẹ́là kan, bẹ́líìtì kan àti rọ́bà ìdérí asẹ́ kan kò gba àyè nínú ọkọ̀. Ìwé kékeré tí awakọ̀ ń kọ wákàtí iṣẹ́, iye ooru àti ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ ìmpẹ́là sí náà kò wọ́n. Bí géèjì tó máa ń dúró lórí 80 bá ti ń sún mọ́ 88 ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí ara wọn, ìwé yẹn ni yóò kọ́kọ́ sọ fún olówó ọkọ̀, nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà ní èbúté.